Kí Ọmọláńgidi Tó Wọ Bàálù

Bí ìrìn-àjò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pàápàá láti Ìkẹjà sí Lọ́ńdọ̀n tàbí Amẹ́ríkà, orí gaàrí, ẹ̀gúsí àti ìwọ̀n kílò ni ọkàn òbí máa ń wà. Àpò ohun ìṣeré ọmọ ni a kì í bojú wò. Ọmọ ló dì í fúnra rẹ̀, a sì ti gbà lọ́kàn ara wa pé kò sí ohun tó lè wà níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun, bí ọjọ́ ìrìn-àjò bá ku ọ̀la, ẹ tú àpò yẹn sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín tún un dì.

Ọmọláńgidi fúnra rẹ̀ kì í sábà fa wàhálà. Yálà Barbie tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 29 ni, tàbí Wuraola, ọ̀kan lára àwọn ọmọláńgidi Queens of Africa tí Taofick Okoya dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2007, ọmọ yín lè gbé e dání wọ bàálù. Àwọn nǹkan kéékèèké tó ń bá a rìn ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2011, obìnrin kan tó ti Kánádà wá ra ère sójà kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó dé pápákọ̀ Gatwick, wọ́n ní kí sójà máa lọ, ṣùgbọ́n ìbọn ọwọ́ rẹ̀, tí kò gùn ju nǹkan bí íǹṣì 3 lọ, kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Ó di kó fi ìbọn náà ránṣẹ́ sílé nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ààbò gba ìbọn kóńkóló kan tí wọ́n fi sí ara ọ̀bọ ìṣeré tí wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ rán. Ẹ lè sọ pé àṣejù ni. Ṣùgbọ́n òfin tó ní ohun tó bá jọ ìbọn kò gbọdọ̀ sí nínú báàgì ọwọ́ kì í wọn íǹṣì, ẹkún ọmọ yín kò sì ní yí i padà. Bí ọmọláńgidi yín bá ní ìbọn, idà tàbí ọ̀bẹ, ilé ni kí ẹ ti bọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kó o sínú àpótí ńlá tó ń lọ sí ikùn bàálù. Àlùmọ́gàjí tí ọmọ fi ń gé aṣọ rẹ̀ náà, ibẹ̀ ni kó bá wọn lọ.

Ẹ tún wo fídà ọmọláńgidi. Wàrà funfun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń pòórá bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, bí ẹni pé ọmọ ti mu ún tán. Wàrà náà kò lọ síbì kankan. Ike méjì ni wọ́n ki bọ inú ara wọn, omi funfun díẹ̀ wà láàárín wọn, wọ́n sì dé e pa. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù wò yóò rí omi yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè ṣí i wò. Ẹ fi sínú àpótí ńlá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú, ike ìpara, lọ́fínńdà tàbí epo irun tó bá gbà ju mìlílítà 100 lọ kò gbọdọ̀ kọjá nínú báàgì ọwọ́, bí ohun tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Òrí àti slime tí ọmọ fi ń ṣeré wà nínú òfin yìí.

Bátìrì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀pọ̀ òbí á yọ bátìrì lára ọmọláńgidi tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n á jù ú sínú àpótí ńlá, wọ́n á rò pé àwọn ti ṣe dáadáa. Òdìkejì ni òfin wí. Bátìrì lithium tí kò sí nínú ẹ̀rọ, àti power bank, ọ̀dọ̀ yín lókè ni kó wà, nítorí bó bá gbiná níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ bàálù á tètè rí i pa. Ẹ fi téèpù lẹ ẹnu rẹ̀ kó má baà kan irin. Bí ọmọláńgidi náà bá sì ń lọ sí ikùn bàálù pẹ̀lú bátìrì lára, ẹ pa á pátápátá, kí ó má lè tan ara rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Bátìrì tó pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì ló burú jù nínú wọn. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2, bẹ́ẹ̀ bàálù ń lo ju wákàtí 6 lọ láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀n. Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lókè aṣálẹ̀ Sàhárà? Ẹ yí ọmọláńgidi náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìdérí bátìrì kò bá ní ìdè, tàbí tí ìdè rẹ̀ ti ń mì, ẹ yọ bátìrì yẹn kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ̀yin tó ń gba Jámánì kọjá, ẹ rántí pé ní oṣù Kejì ọdún 2017, ìjọba ibẹ̀ fòfin de ọmọláńgidi kan tó ń jẹ́ My Friend Cayla, wọ́n sì ní kí àwọn òbí bà á jẹ́. Ó ní ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀ àti Bluetooth tí ẹni tó wà nítòsí lè wọlé sí láìtọrọ àyè, òfin ibẹ̀ sì kà á sí ẹ̀rọ amí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí méjèèjì gbọ́. Ẹnìkan á pè yín ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ rìn: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú ọmọláńgidi yìí dání fún ọmọ mi, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀.” Ó ti fi ìwé ẹ̀bùn dì í, ó ti lẹ̀ ẹ́ pa. Ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ikùn ọmọláńgidi jẹ́ ibi tí àwọn oníṣòwò oògùn olóró mọ̀ dáadáa, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni ìjìyà tí òfin NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, là kalẹ̀ fún ẹni tó bá kó irú oògùn bẹ́ẹ̀ jáde ní Nàìjíríà. Ẹni tí wọ́n bá bá ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa mú. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò lè mú un. Bó bá jẹ́ àbúrò yín lọ́mọ ìyá, kó wá ṣí i lójú yín. Ẹ fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ẹ wo ojú ìránṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá òwú ibì kan yàtọ̀ sí ti ìyókù, ẹ gbé e wò bóyá ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ dá a padà.

Àwọn ọmọláńgidi kan wà tí wọ́n ṣe bí ìkókó gidi, tí wọ́n fi iyanrìn tàbí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì sí nínú kó lè wúwo. Ẹ má fi aṣọ bò ó lójú dé ibi àyẹ̀wò. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ pé ọmọláńgidi ni, bí ó bá sì fẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò, ẹ fún un.

Ẹ bá ọmọ yín náà sọ̀rọ̀ nílé, pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa gba inú ẹ̀rọ kọjá, àti pé á bá a ní òdìkejì. Ẹ ya fọ́tò ọmọláńgidi náà pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù yín sí abẹ́ aṣọ rẹ̀. Bó bá ṣẹ́kù sórí àga bàálù, fọ́tò yẹn àti nọ́ńbà ìjókòó yín lè ran ilé iṣẹ́ bàálù lọ́wọ́ láti rí i.