Àpótí Ìmọ̀: Ọta Tó Bá Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì Mu

Ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu méjì ní ọ̀pá méjì lórí ìdí kan. Kí ọta tó jáde, ìbọn ti ń tì sẹ́yìn: ọ̀pá ọ̀tún á yẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀, tòsì á yẹ̀ sósì. Ìdí nìyí tí alágbẹ̀dẹ ìbọn fi ń kọ ẹnu wọn síra, kí ọta méjèèjì lè ba ojú kan náà.

Àpẹẹrẹ: ọta .470 Nitro Express wúwo tó 32.4 g, eré rẹ̀ sì tó 655 m/s. Tí ìbọn bá jẹ́ 5 kg, tí a kò sì ka èéfín ètù mọ́ ọn, eré ìtìsẹ́yìn ìbọn ni:

0.0324 × 655 ÷ 5 = 4.2 m/s

Ọta tó yára jù á ti jáde kí ọ̀pá tó yẹ̀ tán, ipa méjèèjì á sì dábùú ara wọn. Èyí tó lọ́ra jù á mú kí wọ́n ya ara wọn. Nítorí náà, ní ilẹ̀ tí òfin ti gbà kí ọdẹ di ọta fúnra rẹ̀, eré tí wọ́n fi kọ ẹnu ọ̀pá ìbọn yẹn síra ló yẹ kó lépa. Eré àsápajúdé kò wúlò níbẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ yí gíráàmù sí kìlógíráàmù kí ẹ tó ṣírò.