Ẹ̀kọ́ Wa: Irú Kọ̀ǹpútà Wo Ni Kí A Yá Owó Rà?

Bí aládìrẹ Ìtòkú tàbí atẹ̀wé ní Abẹ́òkúta bá fẹ́ yá owó ra kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi ya bátànì, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ èyí.

Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà ni ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán jáde wà. Mẹ́mórì kan ni wọ́n jọ ń lò, bí ará ilé tí ń bu omi nínú ìkòkò kan náà. Káàdì àwòrán ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní ìkòkò tirẹ̀, a sì lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. RTX 3060 ti NVIDIA, tí ó jáde ní 2021, ní mẹ́mórì gígábáìtì 12. Ṣùgbọ́n ó lè fa iná tó wáàtì 170. Ọ̀pọ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà alágbèéká fífúyẹ́ ni a ṣe fún wáàtì 15, bátìrì rẹ̀ sì ń gbé e ró bí iná bá lọ.

Fún ìwé ìṣirò àti bátànì, alágbèéká tó. Fún fídíò ṣíṣe lójoojúmọ́, káàdì yẹ; ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Òógùn gbogbo wa ni owó ẹgbẹ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.