Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ìwé Àwọn Òṣìṣẹ́ Inú Bàálù

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Kúta àti Ìwó ló ti sin ará ilé lọ wọ bàálù nígbà tó ń lọ sí Mẹ́kà. Ẹni tó bá ti wọ bàálù rí yóò ti rí àwọn obìnrin àti ọkùnrin tó ń pín oúnjẹ àti omi fún èrò. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ agbáwo ni iṣẹ́ wọn. Rárá o. Ẹ̀mí èrò ni wọ́n ń ṣọ́.

Bí iná bá sọ nínú bàálù, àwọn ni yóò pa á. Bí àìsàn bá ki èrò mọ́lẹ̀, àwọn ni yóò kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá di pé kí èrò sá jáde, àwọn ni yóò ṣí ilẹ̀kùn. Òfin sọ pé ẹni tó bá ṣe bàálù ńlá gbọ́dọ̀ fi hàn pé gbogbo èrò lè jáde láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, bí ìdajì ilẹ̀kùn rẹ̀ bá tilẹ̀ wà ní títì.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ohun tí wọn yóò ṣe? Ó wà nínú ìwé.

Ìwé yìí kò dà bí Bíbélì tàbí Kùránì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Inú fáìlì onírin ni wọ́n ti ń to ojú ìwé rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kí ó lè rọrùn láti yọ ọ̀kan kí a sì fi òmíràn dípò rẹ̀. Nọ́ńbà àti déètì wà lára ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ojú ìwé tuntun bá dé, ohun tí òṣìṣẹ́ yóò ṣe nìyí:

1. Yóò ka iye ojú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, kí ó mọ̀ bóyá ó pé.
2. Yóò yọ ti àtijọ́ kúrò.
3. Yóò fi tuntun sí àyè rẹ̀.
4. Yóò kọ nọ́ńbà àtúnṣe náà àti déètì sí iwájú ìwé, yóò sì fọwọ́ sí i.
5. Yóò ka ohun tó yí padà, títí yóò fi yé e.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti kó ìwé náà sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ lè pààrọ̀ ojú ìwé fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè bá ẹnikẹ́ni kà á. Iṣẹ́ karùn-ún yẹn, ọwọ́ ènìyàn ló ṣì wà.

Kí ló dé tí ìwé náà fi ń yí padà? Àwọn àgbà ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá lọ́rọọrún. Ẹ jẹ́ kí á wo bátìrì fóònù. Wọ́n ti kọ́ gbogbo wa pé a kì í da omi sí iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n bí bátìrì fóònù bá gbiná nínú bàálù, òṣìṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi ohun èlò ìpaná pa ọwọ́ iná náà, lẹ́yìn náà yóò da omi lé e lórí títí yóò fi tutù. Bí kò bá tutù, iná lè tún ràn. Kò gbọdọ̀ fi yìnyín bò ó, nítorí yìnyín a máa há ooru mọ́ ọn nínú. Ní January 28, 2025, bàálù kan jóná nílẹ̀ ní Busan, ní South Korea. Gbogbo èrò rẹ̀ ló yè. Àwọn olùṣèwádìí sọ pé ó ṣeé ṣe kí pọ́wà báǹkì ló fà á. Láti October 1, 2025, Emirates, tó ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Dubai, kò gbà kí ẹnikẹ́ni lo pọ́wà báǹkì nínú bàálù mọ́. Òṣìṣẹ́ tí kò bá ka ojú ìwé tuntun kò ní mọ èyí.

Ẹ tún gbọ́ ti Japan. Ní January 2, 2024, bàálù Japan Airlines kan kọlu bàálù kékeré kan ní pápá Haneda, ó sì gbiná. Ènìyàn márùn-ún kú nínú bàálù kékeré náà. Ènìyàn 379 ló wà nínú ti ńlá. Ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò ṣiṣẹ́, wọ́n sì lo gbohùngbohùn àfọwọ́mú àti ohùn ẹnu. Wọ́n wo ìta kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, nítorí iná. Ilẹ̀kùn mẹ́ta péré nínú mẹ́jọ ni wọ́n lò. Gbogbo ènìyàn 379 ló jáde láàyè.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀kọ́ yìí kò pin sí ojú ọ̀run. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa rántí Gamalin 20. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń kọ́ àgbẹ̀ láti fi í pa kòkòrò ara kòkó. Ní ọdún 2009, àdéhùn àgbáyé ti Stockholm ka líndéènì, tó jẹ́ májèlé inú rẹ̀, mọ́ ohun tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì, nítorí ewu tó ń ṣe fún ènìyàn àti ẹja. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìwé àtijọ́ yóò máa fi tọkàntọkàn ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Nítorí náà, bí ẹ bá mú ìwé kan lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo déètì rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi kàlẹ́ńdà èṣí wá ọjọ́ Iléyá. Mímọ̀ ọ́n kà dára. Kíka èyí tó bá òní mu ló ń gba ẹ̀mí là.

Ìbéèrè
1. Kí ni iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù gan-an?
2. Kí ló dé tí a kì í fi yìnyín bo bátìrì tó gbiná?
3. Ilẹ̀kùn mélòó ni wọ́n lò ní Haneda?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ wá ìwé mẹ́ta nínú ilé yín, bí i káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ tàbí ìwé ara ìgò oògùn. Ẹ kọ déètì ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.