Ẹ Má Jẹ́ Kí Okòwò Yín Máa Gbé Inú Orí Ẹnì Kan

Bí a bá fẹ́ yin ènìyàn nílé, a ó ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Wọ́n ní bàbá náà ń gba owó àjọ lọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn láì kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀, ta ni yóò mọ iye tó tọ́ sí oníkálukú?

Ìbéèrè yìí kan àwa tí à ń ṣòwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo ìyá tó ń se oúnjẹ òde. Ó mọ ìdílé tí kì í jẹ ata, ó mọ gbọ̀ngàn tí wọn kì í jẹ́ ká dáná, ó mọ oníṣu tó ń dínwó àti oníbàárà tí a gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú. Ogún ọdún ló fi kó o jọ. Ẹnikẹ́ni lè ra ìkòkò àti kúlà. Ìmọ̀ yìí gan-an ni okòwò náà. Bí ìyá bá lọ sílé fún oṣù mẹ́ta, tí fóònù rẹ̀ sì sọnù, ìkòkò nìkan ló kù fún àwọn ọmọ.

Ẹ ra ìwé kan. Lálẹ́ ọjọ́ òde gan-an, ẹ kọ iye ènìyàn tí wọ́n pè àti iye tó wá (a mọ ara wa, wọn kì í dọ́gba), àpò ìrẹsì tí ẹ sè, ohun tó ṣẹ́kù, ẹni tó tà á fún yín, iye tí ẹ rà á àti èrè. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ ó ti rí bí iṣu ṣe ń wọ́n kí tuntun tó dé, ẹ ó sì mọ iye tí ẹ ó dá lé òde oṣù Keje. Ẹ ó tún rí òde aláriwo tí kò mú nǹkan wá.

Ìjọba náà ń béèrè. HMRC ní kí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún ọdún 5 ó kéré tán, lẹ́yìn 31 January tó yẹ kó fi ìṣirò ọdún náà ránṣẹ́. Ti kọ́ńpánì jẹ́ ọdún 6 lẹ́yìn ìparí ọdún ìṣirò rẹ̀. Láti 6 April 2026, orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ni àkọsílẹ̀ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un látinú òwò àti ilé ìyálégbé bá ju £50,000 lọ gbọ́dọ̀ wà. Ní April 2027 ó di £30,000. Rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù a máa ṣá, nítorí náà ẹ yà á ní fọ́tò kó tó funfun.

Ti nọ́ńbà àwọn oníbàárà ńkọ́? Ohun ìfipamọ́ ni. Òfin ọdún 2018 dáàbò bò ó, ẹ má fi fún ẹlòmíràn tó fẹ́ tajà.

Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì, kó wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń ràn yín lọ́wọ́. Bí kò bá lè ka Yorùbá, ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ délẹ̀. “Ti Ìyá Bọ́lá, bíi ti ìjọsí” kò lè yé ọmọ tí a bí síbí.