Ta Ni Ó Ń Ru Ẹrù Náà?



Nígbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa ni ó ń rí i bí àlejò ti í pọ̀ sí i ní ìjókòó iwájú nínú ilé Ọlọ́run. Àwọn tí a kò rí lọ́jọ́ Kérésìmesì, tí a kò sì rí lọ́jọ́ Àjíǹde, yóò dé pẹ̀lú aṣọ àǹkò; wọn yóò kúnlẹ̀ pẹ́ ju àwọn àgbà ìjọ lọ, wọn yóò sì ṣe ìdúpẹ́ tí owó rẹ̀ yóò ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. A kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nítorí pé ó wá sí Mísà. Ọ̀nà tí Ọlọ́run ń gbà pe ènìyàn pọ̀, ẹni tí ó sì wá nítorí ìbò lè pàdé Olúwa níbi tí kò ti rò ó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a lè mọ ìgbàgbọ́ tòótọ́ yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń wá nǹkan, nítorí bí a kò bá mọ̀ ọ́n, wọn yóò máa fi orúkọ Ọlọ́run rà wá, wọn yóò sì máa fi í tà wá. Èyí tí ó burú jù ni pé àwa fúnra wa lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa láìfura.

Báwo ni a ó ti ṣe mọ̀ ọ́n? Kì í ṣe nípa ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu ẹni náà, nítorí Sátánì pàápàá ka Sáàmù sí etí Olúwa wa, kò sì ṣì í kà. Kì í ṣe nípa omijé tàbí ariwo àdúrà. Olúwa wa fi ọ̀nà kan hàn wá nígbà tí ó ń bá àwọn akọ̀wé òfin àti àwọn Farisí wí nínú Ìhìnrere Mátéù, orí 23. Ẹ̀sùn tí ó fi kàn wọ́n ni pé ẹrù tí wọ́n ń dì lórúkọ Ọlọ́run, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbé e rù. Àwọn fúnra wọn kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Àwọn baba wa náà wí pé ibi tí ó wúwo ni ẹlẹ́rù ń gbé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ọlọ́run fún wa kí a lè ṣe ohun kan, ó tọ́ kí a bi í pé: ta ni yóò ru ẹrù náà? Ìwọ tí o ń sọ̀rọ̀ ni, tàbí èmi tí mo ń gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ní ìbéèrè yìí nínú ilé, kí a tó bi àwọn òṣèlú.

Ẹ ka Ìhìnrere Máàkù, orí 7. Kọ́bánì ni àwọn Júù ń pe ohun tí a ti fi jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run. Bí baba tàbí ìyá bá wá ìrànlọ́wọ́ sọ́dọ̀ ọmọ, ọmọ náà lè wí pé ohun tí òun ìbá fi ràn wọ́n lọ́wọ́ ti di Kọ́bánì, àwọn olùkọ́ òfin kò sì ní jẹ́ kí ó ṣe ohunkóhun fún wọn mọ́. Olúwa wa kò yin ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ìfọkànsìn rẹ̀. Ó wí pé wọ́n ti fi àṣà wọn sọ òfin Ọlọ́run di asán. Ẹ kíyè sí i: ọmọ ni ó ń dárúkọ Ọlọ́run, ìyá ni ebi sì ń pa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ọ̀ràn àwọn ará àtijọ́ ni èyí. Ní ọjọ́ Ìkórè, nígbà tí a bá ń ta agbọ̀n èso tàbí àgbébọ̀ adìẹ ní gbàǹjo, ọkùnrin kan lè máa fi owó lé owó títí gbogbo ìjọ yóò fi pàtẹ́wọ́. Inú Fadá a dùn, inú ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì dùn. Ṣùgbọ́n bí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ bá wà nílẹ̀ láìsan, tí ìyá rẹ̀ ní abúlé kò sì rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rà ní oṣù náà, Kọ́bánì ni ó ná níwájú wa, àwa ni a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kí ìgbìmọ̀ Ìkórè má ṣe bínú sí mi. Mo mọ̀ pé òrùlé ń jò, mo sì mọ iye tí páànù jẹ́ nísinsìnyí. Síbẹ̀, òrùlé tí a fi oògùn ìyá arúgbó kàn kò lè dùn mọ́ Ọlọ́run.

Ọkọ mìíràn wà tí kò mọ ẹsẹ Bíbélì kan lórí bí kò ṣe èyí tí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ fi sọ fún àwọn aya pé kí wọn tẹríba. Òun ni ó fi ń gba owó ọjà lọ́wọ́ ìyàwó, òun ni ó fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi í gbé ọwọ́ sókè sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ìwé sí Éfésù orí 5, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 21, kì í ṣe láti ẹsẹ 22. Níbẹ̀ ni Àpọ́sítélì ti kọ́kọ́ pàṣẹ fún gbogbo onígbàgbọ́ kí wọn tẹríba fún ara wọn. Nígbà tí ó dé ẹsẹ 25, ó kọjú sí ọkọ, ó sì ní kí ó fẹ́ràn aya rẹ̀ bí Krístì ti fẹ́ràn Ìjọ, Krístì tí ó kú fún un. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni a gbé àgbélébùú fún? Bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọkọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ka ẹsẹ tirẹ̀ rí.

Bákan náà ni òbí tí ó ní Ọlọ́run fi ọkọ ọmọ òun han òun lójú àlá. Nọ́mbà 1103 nínú Ìwé Òfin Ìjọ ti ọdún 1983 wí pé ìgbéyàwó tí a fi ipá tàbí ìbẹ̀rù ńlá mú ènìyàn wọ̀ kì í ṣe ìgbéyàwó rárá, bí a tilẹ̀ ṣe é níwájú pẹpẹ.

Ó wá ku ti òṣèlú. Ìpàdé Ńlá Vatican Kejì, nínú ìwé tí ó ṣe ní ọdún 1965 lórí Ìjọ nínú ayé òde òní, kọ́ wa pé Ìjọ kò so ara rẹ̀ mọ́ ètò ìṣèlú kankan, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ èrò tirẹ̀ nìkan di àṣẹ Ìjọ. Òfin Ìjọ, nọ́mbà 285, kò sì gbà fún àlùfáà kí ó gba ipò ìjọba. Ọmọ ìjọ lè ṣe òṣèlú, ó tilẹ̀ yẹ kí ó ṣe é. Kí ó kàn má ṣe gbé Ìjọ sínú àpótí ìbò ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè mú kí ọ̀ràn yìí yé wa tó ìtàn àgbẹ̀ kan, ará Ọ́sítríà, ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Franz Jägerstätter ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní abúlé St. Radegund ní ọdún 1907. Kì í ṣe ẹni mímọ́ láti kékeré: ó bí ọmọ kan láìgbéyàwó, òun ni ó sì kọ́kọ́ ní alùpùpù ní abúlé náà, ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1936 ó fẹ́ Franziska, Ọlọ́run sì fi ọmọbìnrin mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 1938, àwọn ọmọ ogun Hitler wọ Ọ́sítríà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, a ní kí àwọn ènìyàn dìbò láti fara mọ́ ìdàpọ̀ pẹ̀lú Jámánì. Ó dunni láti sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni: àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ náà ti fọwọ́ sí ìwé tí ó ti ìdàpọ̀ náà lẹ́yìn, Pópù Pius Kọkànlá sì torí rẹ̀ ránṣẹ́ pe Kádínà ìlú Vienna wá sí Róòmù. Ní gbogbo St. Radegund, Franz nìkan ni ó dìbò pé rárá.

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939. Bẹ́líìtì tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Jámánì ń dì ní irin níwájú, a sì kọ ọ́ sára irin náà pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú wọn. Ẹ rò ó wò. Irin yẹn wà ní ìbàdí wọn nígbà tí wọ́n wọ Pólándì, ó sì wà níbẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n sọ di ahoro. Orúkọ Ọlọ́run ni wọ́n dì mọ́ ara; ẹlòmíràn ni ó ń sin òkú.

Ní àkókò yìí Franz ti di ẹni tí ń tọ́jú ilé Ọlọ́run ní abúlé rẹ̀. Ó lọ bá bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìlú Linz, ìyẹn sì gbà á níyànjú pé kí ó ro ti aya àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí a pè é sí ogun ní oṣù kejì ọdún 1943, ó lọ jẹ́ ìpè náà, ó sì sọ fún wọn pé òun kò ní gbé ìbọn fún Hitler, ṣùgbọ́n pé òun yóò tọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́. Wọn kò gbà fún un. Ilé ẹjọ́ ológun ní Berlin dá a lẹ́bi ikú ní ọjọ́ 6 oṣù keje. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ a bẹ́ ẹ lórí ní ìlú Brandenburg. Ọmọ ọdún 36 ni.

Ẹnìkan nínú yín yóò wí pé: ó dára, ṣùgbọ́n ta ni ó ru ẹrù náà? Kì í ha ṣe Franziska àti àwọn ọmọ mẹ́ta náà ni bí? Ìbéèrè yìí kò ṣeé tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ará abúlé rẹ̀ bi í, wọ́n sì ń bi í fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun. Ohun tí mo lè wí ni pé Franz kò fi orúkọ Ọlọ́run pàṣẹ fún aya rẹ̀. Ní àkọ́kọ́ Franziska bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe kọ̀. Nígbà tí ó rí i pé gbogbo ènìyàn ti dojú kọ ọkọ òun, ó dẹ́kun ẹ̀bẹ̀ náà, ó sì dúró tì í, nítorí bí òun náà bá kọ̀ ọ́, kì yóò ní ẹnikẹ́ni mọ́. Òun ni ó yan ìyẹn fúnra rẹ̀. Ibi tí ó wúwo ni Franz gbé. Èyí tí ó kù fún Franziska kò sì fúyẹ́.

Ó ń dáko, ó ń tọ́ ọmọ, ó sì gba iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ní títọ́jú ilé Ọlọ́run, láàárín àwọn aládùúgbò tí ó ń dá a lẹ́bi. Ìjọba kò fún un ní owó ìtọ́jú tí wọ́n ń san fún opó àwọn ọmọ ogun títí di ọdún 1950. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2007, nínú kàtídírà ìlú Linz, Ìjọ kéde Franz ní Alábùkúnfún. Franziska wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 94 ni. Ọlọ́run pè é lọ ní oṣù kẹta ọdún 2013, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún.