Ìka Tó Ṣẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Àìsàn Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tí Kò Jí

Bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti pẹ́ bá kọ̀ tí kò jí mọ́, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni ni pé, “Mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jó.” Àbá lásán nìyẹn, àyẹ̀wò kọ́, ó sì ń náni lówó. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Ó ṣòro, ó sì wọ́n láti pààrọ̀, nítorí náà òun ló yẹ ká fẹ̀sùn kàn kẹ́yìn. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè fi ẹ̀yà tó ṣẹ̀ hàn wá, torí pé ó ní ètò tó ń tẹ̀ lé bó bá ń jí: iná á kọ́kọ́ wọlé, á yẹ ara rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni á tó wá Windows tàbí irú rẹ̀ lọ sínú háàdì díìsìkì. Ibi tí ètò yìí bá ti dá dúró ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Bí a bá tẹ bọ́tìnì tí nǹkan kan kò mira, ká wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri àti wáyà ná, ká tó kan páwà páàkì, ìyẹn àpótí irin tí wáyà iná ń wọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ páwà páàkì àtijọ́ ló ní bọ́tìnì pupa kékeré tí a kọ 115 àti 230 sí. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt, tiwa ní Nàìjíríà sì ju 220 lọ. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà tó ṣì wà lórí 115 lè jó lójú ẹsẹ̀ tí a bá ti ki í bọ iná wa. Mítà tí a fi ń wọn volt ni ẹlẹ́rìí tó dájú níbí. Nínú páwà páàkì onílànà ATX, tí Intel gbé jáde ní 1995, ká fi ẹnu mítà dúdú kan wáyà dúdú, ká fi pupa kan wáyà aláwọ̀ àlùkò: 5 volt ló yẹ kó wà níbẹ̀, bí a kò tilẹ̀ tíì tẹ bọ́tìnì. Bí ó bá ti tàn, wáyà yẹ́lò yóò fún wa ní 12, pupa 5, aláwọ̀ ọsàn 3.3. Bí 12 bá já wálẹ̀ ju 11.4 lọ, a ti rí ẹni tí à ń wá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tú páwà páàkì fúnra rẹ̀ o: iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà.

Ẹnìkan lè ní, “Fáànù ń yí, páwà páàkì kò ṣe nǹkan kan.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná 12 volt ni fáànù ń lò. 12 lè pé kí 5 tàbí 3.3 má pé. Bí mítà bá wá jẹ́rìí pé gbogbo rẹ̀ pé, etí ló kàn. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ké tí mọ́nítọ̀ sì ṣókùnkùn, igbe náà ní ìtumọ̀. Nínú BIOS, ìyẹn ètò orí mọ́dábọ́ọ̀dù tó ń yẹ kọ̀ǹpútà wò bó bá ń jí, ti ilé iṣẹ́ Award, igbe gígùn kan àti kúkúrú méjì ń tọ́ka sí káàdì àwòrán. Nínú ti AMI, gígùn kan àti kúkúrú mẹ́ta ń tọ́ka sí ráàmù, ẹ̀yà tó ń di iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lọ́wọ́ mú. Bí ó bá jẹ́ ráàmù, ká yọ iná kúrò, ká yọ ọ́, ká fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ra eyín rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, ká tún tẹ̀ ẹ́ wọlé títí ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi há. Bí ó bá jẹ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ká dán wò. Lẹ́yìn èyí ni ká tó wo àwọn kapásítọ̀ orí mọ́dábọ́ọ̀dù, àwọn àgbá kéékèèké tí orí wọn yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí orí wọn bá wú, tàbí tí omi dúdú ń sun jáde lára wọn, nígbà náà la lè dá mọ́dábọ́ọ̀dù lẹ́bi.

Bí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá hàn lójú mọ́nítọ̀, kó tó sọ pé òun kò rí díìsìkì, ìròyìn ayọ̀ ni: iná, ráàmù àti mọ́dábọ́ọ̀dù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ nínú ẹ̀sùn. Wáyà díìsìkì ni ká kọ́kọ́ tún kì bọlé. Bí díìsìkì bá ń dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, ká pa á, torí pé títàn-án léraléra lè ba iṣẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Aago tó ń padà sí ọdún àtijọ́ ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí bátìrì CR2032, ẹyọ olówó pọ́ọ́kú tó ń mú 3 volt wá.

Àwọn oníṣẹ́ kan á sọ pé kíkó ẹ̀yà mìíràn sí i yá ju gbogbo ìwádìí yìí lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, bí ẹ̀yà náà bá dára dájú, tó sì jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo là ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó pààrọ̀ ráàmù àti páwà páàkì pọ̀ tí ẹ̀rọ sì jí kò mọ èyí tó ṣàìsàn, yóò sì sanwó méjèèjì. Ẹni tó sì fi ẹ̀yà tuntun sórí páwà páàkì tó ti bàjẹ́ lè pa ìyẹn náà. Àwọn mìíràn á ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò tó nǹkan tí à ń ṣe báyìí fún. Ṣùgbọ́n mítà, rọ́bà àti sùúrù kò wọ́n. Bí a bá tilẹ̀ pinnu láti sọ ẹ̀rọ náà nù, a ó mọ ẹ̀yà tó ṣì dára tó sì ṣeé tà nínú rẹ̀, a ó sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ inú díìsìkì ṣeé kó jáde.