ÀÌRÍṢẸ́ṢE NÍ ÌDÁLẸ̀: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN TÍ Ó LỌ ÀTI ÀWỌN TÍ Ó KÙ NÍLÉ

Ní Àgbówà àti ní àwọn ìlú etí ọ̀sà láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ó ṣòro nísinsìnyí láti rí agbo ilé tí kò ní ọmọ tàbí ìbátan kan ní òkè òkun. Nígbà tí ọmọ bá ń lọ, a ń súre fún un. Nígbà tí ó bá sì fi owó ránṣẹ́, gbogbo ilé ni ó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa kì í fẹ́ gbọ́, tí ọmọ náà pẹ̀lú kì í sì fẹ́ sọ: pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, pé oṣù mẹ́fà ti kọjá, àti pé òun kò tíì rí òmíràn. Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ fi ẹ̀kọ́ oṣù yìí yẹ̀ wò.

1. KÌ Í ṢE OHUN TITUN

Ẹni tí ìyà yìí bá ń jẹ kò gbọdọ̀ rò pé òun ni ẹni àkọ́kọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn ilé iṣẹ́ ìlú Liverpool. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1918, tí àwọn ọmọ ogun sì padà dé, iṣẹ́ di ohun ìjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1919, nǹkan bí 120 aláwọ̀ dúdú ni a lé kúrò ní ilé iṣẹ́ ṣúgà àti ti oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, nítorí pé àwọn aláwọ̀ funfun kọ̀ láti bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Charles Wootton, atukọ̀ dúdú kan, kú sínú omi èbúté níbi tí àwọn jàǹdùkú lé e dé.

Ìjọba ṣe ètò láti kó àwọn aláìríṣẹ́ náà padà sí ilé wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò gbà. Àwọn kan ti ní aya àti ọmọ níbẹ̀. Àwọn mìíràn jẹ gbèsè. Ní ọdún 1925, òfin mìíràn tún dé: atukọ̀ aláwọ̀ dúdú tí kò bá ní ìwé tí ó fi hàn pé ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni òun, a óò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí àjèjì. Ẹ kíyèsí i pé láti ìgbà náà ni ìwé ti jẹ́ ìdajì ọ̀ràn iṣẹ́ ní ìdálẹ̀.

2. OHUN TÍ ÀÌRÍṢẸ́ṢE Ń ṢE SÍ ÈNÌYÀN

Ìlú kékeré kan wà ní Austria, tí kò jìnnà sí Vienna, tí ń jẹ́ Marienthal. Ilé iṣẹ́ òwú kan ṣoṣo ni ó ń bọ́ gbogbo ìlú náà, a sì ti í pa láàárín ọdún 1929 sí 1930. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Marie Jahoda, Paul Lazarsfeld àti Hans Zeisel, ṣe ìwádìí nípa ìlú náà, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní ọdún 1933.

Ohun tí wọ́n rí ya ènìyàn lẹ́nu. Ènìyàn ì bá rò pé ẹni tí kò níṣẹ́ yóò ráyè kàwé. Ṣùgbọ́n iye ìwé tí àwọn ará ìlú ń yá ní ilé ìkàwé fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, bí a tilẹ̀ ti mú owó ìyáwèé kúrò. Àwọn ọkùnrin ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní òpópó, wọn a dúró, wọn a tún dúró. Bí a bá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ṣe láàárọ̀, wọn kò lè sọ ọ́. Ẹsẹ̀ àwọn obìnrin yá ju tiwọn lọ, nítorí pé iṣẹ́ ilé kò tán lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ kì í fún ni ní owó nìkan. Ó ń pín ọjọ́ fún ni, ó ń kó ni pọ̀ mọ́ ènìyàn, ó sì ń fún ni ní ipò. Bí iṣẹ́ bá lọ, nǹkan wọ̀nyí ń bá a lọ. Nítorí náà, kí a má ṣe máa fi ìkánjú pe ẹni tí ó rẹ̀wẹ̀sì ní ọ̀lẹ.

3. BÍ Ọ̀RÀN NÁÀ TI RÍ LÓDE ÒNÍ

Láti ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lọ sí Ìlú Ọba láti máa tọ́jú àwọn arúgbó àti aláìlera. Nígbà tí ó ṣe, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ kan, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó bá wọn lọ. Àwọn mìíràn débẹ̀, wọn kò bá iṣẹ́ tí a ṣèlérí rárá. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba ibẹ̀ ti ilẹ̀kùn gbígba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè.

Ó tọ́ kí àwa ará ilé mọ ìdí tí ọ̀ràn yìí fi le. Ẹni tí ó bá lọ lórí físà iṣẹ́ kò lè kàn mú iṣẹ́ èyíkéyìí tí ó bá rí. Agbanisíṣẹ́ tí ó ní àṣẹ ìjọba ni ó gbọ́dọ̀ gbà á. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá bọ́, tí ìjọba sì kọ̀wé sí i, ọjọ́ 60 ni ó sábà máa ń ní láti rí òmíràn, tàbí kí ó yí físà padà, tàbí kí ó kúrò. Físà náà kò sì jẹ́ kí ó gba ọ̀pọ̀ nínú owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ onílẹ̀.

4. OHUN TÍ ẸNI TÍ Ó BÁ LÈ ṢE

Èkíní, kí ó sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí ó sọ fún ẹnìkan nílé àti ẹnìkan níbẹ̀.

Èkejì, kí ó ka ọjọ́ inú ìwé rẹ̀, kí ó sì tètè wá agbani-nímọ̀ràn tí òfin mọ̀. Ní Ìlú Ọba, ẹni tí kò ní àṣẹ kò gbọdọ̀ fi ìmọ̀ràn lórí físà ṣòwò. Kí ó sá fún ẹni tí ó bá ní òun yóò ta ìwé iṣẹ́ fún un.

Ẹ̀kẹta, kí ó pín ọjọ́ rẹ̀: wákàtí jíjí, wákàtí ìwáṣẹ́, wákàtí ẹ̀kọ́, wákàtí tí yóò jáde láàárín ènìyàn. Ohun tí Marienthal pàdánù ni èyí.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má tijú láti gba oúnjẹ ní ibi tí a ti ń pín in fún aláìní. Físà kò ka èyí léèwọ̀. Bí oorun bá kọ̀, tí ọkàn sì wúwo, kí ó lọ rí dókítà.

Ìkarùn-ún, kí ó mọ̀ pé pípadà wálé kì í ṣe ìtìjú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

5. TI ÀWA ARÁ ILÉ

Ọ̀gbẹ́ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ WASU ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925. Ó rí i bí àwọn ọmọ wa ti ń wá ilé gbé tí wọn kò rí. Láti ọdún 1929 sí 1932, ó rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká láti kó owó jọ. Ní ọdún 1933, ẹgbẹ́ náà ṣí ilé gbígbé ní Camden. Ẹ jẹ́ kí a rò ó: láti ilé ni owó ti lọ sí òkè òkun láti gba àwọn ọmọ là.

Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹbí tí ó bá ti fi ilẹ̀ yá owó nítorí ìrìnàjò ọmọ, kí ó lọ bá olówó sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ó má fi gbogbo ẹrù náà le ọmọ lórí. Kí ẹgbẹ́ ìlú àti ẹgbẹ́ eésú ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí a dá bíbéèrè owó ìnáwó òkú àti ìgbéyàwó dúró fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a bá pè é, kí a kọ́kọ́ béèrè bí ara rẹ̀ ti rí, kí a tó béèrè ohunkóhun mìíràn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó fà á tí ọ̀pọ̀ kò fi fẹ́ padà sílé ní ọdún 1919? Èwo nínú ìdí wọ̀nyí ni ó ṣì wà títí di òní?
2. Yàtọ̀ sí owó, kí ni iṣẹ́ ń fún ènìyàn?
3. Bí ọmọ yín kan bá kọ̀wé lónìí pé òun kò níṣẹ́, ta ni yóò kọ́kọ́ sọ fún nínú ilé yín? Ǹjẹ́ ẹni náà yóò lè gbọ́ ọ láìbínú?